Fífi Ọfà Pẹja: Ohun Tó Yẹ Kẹ́ni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Bẹ̀rẹ̀ Mọ̀

Ẹ bu omi sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì kan, kẹ́ ẹ ki igi gbọọrọ bọ̀ ọ́, kó dagun díẹ̀, kẹ́ ẹ wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan wò ó. Ẹ máa rí i pé igi yẹn á dà bíi pé ó ṣẹ́ níbi tó ti kan omi, bẹ́ẹ̀ kò ṣẹ́, ẹ fà á jáde, ó tún gún régé. Ohun tó ń ṣe igi yẹn náà ló ń ṣe ẹja. Ìmọ́lẹ̀ máa ń tẹ̀ tó bá ń ti inú omi bọ́ sínú afẹ́fẹ́, torí náà ibi tójú wa sọ pé ẹja wà, kò sí níbẹ̀, ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ló wà. Èmi ò mọ èyí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, mo ta ọfà bíi mẹ́jọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, gbogbo ẹ̀ ló gba òkè ẹja kọjá, mo wá ń rò pé ọrun mi ni ò dáa. Ọrun ò ṣe nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fáwọn èèyàn pé kí wọ́n tó náwó rárá, kí wọ́n kọ́kọ́ jókòó ti bọ́kẹ́ẹ̀tì omi yẹn.

Ibo lẹ máa fojú sun?

Ìṣirò kékeré kan wà táwọn tó ti pẹ́ nídìí ẹ̀ máa ń fi kọ́ni. Tí ẹja bá jìnnà sí yín ní ẹsẹ̀ bàtà 10, tó sì wà ní ẹsẹ̀ bàtà 1 sínú omi, ẹ fojú sun íńṣì 4 sísàlẹ̀ ibi tẹ́ ẹ ti ń rí i. Tó bá jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 20, tí omi ò jìn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó di íńṣì 8. Tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10 náà ni, àmọ́ tó ti wọlẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 2, íńṣì 8 náà ni. Òótọ́ ni pé kò sẹ́ni tó ń gbé rúlà lọ sétí omi, ẹja náà ò sì ní dúró dè yín kẹ́ ẹ ṣírò tán, ojú àtọwọ́ yín ló máa mọ̀ ọ́n tó bá yá. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí i, torí ọ̀pọ̀ ọfà tó ń tàsé, òkè ẹja ló ń gbà. Ẹja tó wà lábẹ́ yín gan-an, tẹ́ ẹ ń wò láti òkè tààrà, ìyẹn nìkan lẹ lè ta síbi tẹ́ ẹ ti rí i.

Ẹ rọ yanrìn kún ìgò rọ́bà kan, kẹ́ ẹ jù ú síbi tí omi ò ti jìn tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ẹrẹ̀, kẹ́ ẹ máa ta á, lónìí láti ìtòsí, lọ́la láti ọ̀nà jíjìn díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì bẹ́ẹ̀ sàn ju kéèyàn máa ra ọrun olówó ńlá lọ.

Nǹkan tẹ́ ẹ máa lò

Ọrun tí agbára tẹ́ ẹ máa fi fà á wà láàárín páùn 30 sí 40 tó. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń lo compound, ìyẹn ọrun tó ní kẹ̀kẹ́ kéékèèké létí méjèèjì, kò burú, àmọ́ recurve, ìyẹn ọrun tí etí ẹ̀ méjèèjì tẹ̀ síwájú, lèmi fẹ́ràn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ó fúyẹ́, nǹkan tó lè bà jẹ́ lára ẹ̀ ò pọ̀, tí ẹja bá sì yọ lójijì ẹ lè fà á kíá kẹ́ ẹ ta. Ẹ má ṣe fa ọrun kẹ́ ẹ wá jù ú sílẹ̀ láìsí ọfà lórí ẹ̀ o, ó lè fọ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ sì máa yẹ ọsán ẹ̀ wò dáadáa, torí ọsán já, ọrun dọ̀pá.

Ọfà tí wọ́n fi ń pẹja yàtọ̀ sí tàwọn tó ń ta ọfà sójú àmì. Fiberglass ni wọ́n sábà fi ń ṣe é, ó wúwo, kò sì níyẹ̀ẹ́ nídìí, torí ìyẹ́ á máa yí i kúrò lọ́nà tó bá wọnú omi. Ẹnu ẹ̀ ní ìwọ̀ tí kì í jẹ́ kí ẹja bọ́. Ẹ wá awò ojú tó jẹ́ polarized, òun ló ń pa dídán ojú omi kẹ́ ẹ lè rí ìsàlẹ̀, láìsí i ẹ kàn máa wo òjìji ara yín ni.

Okùn ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí. Okùn tí wọ́n so mọ́ ọfà máa ń lágbára gan-an, èyí tó lè gbé páùn 200 pọ̀ dáadáa, kì í já. Tó bá lọ́ mọ́ ọsán tàbí mọ́ bọ́tìnnì aṣọ yín nígbà tẹ́ ẹ ta, ọfà á sáré dé òpin okùn, okùn ò ní já, ọfà yẹn á yí padà, ojú ẹni tó ta á ló sì máa ń bọ̀. Èèyàn ti fara pa gan-an báyẹn.

Ohun tó ń dènà ẹ̀ ni safety slide, nǹkan kékeré kan tó ń yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ lára ọfà. Òun lẹ máa so okùn mọ́, kì í ṣe ìdí ọfà. Tẹ́ ẹ bá ti fi ọfà sórí ọsán, ẹ fi ìka ti slide yẹn lọ síwájú títí á fi wà níwájú ọrun, kí okùn má ṣe sún mọ́ ọsán rárá. Mo máa ń fọwọ́ kàn án kí n tó fa ọrun, gbogbo ìgbà, kódà tí ẹja bá ń lọ. Tí rílì yín, ìyẹn ohun tó ń ká okùn lára ọrun, bá jẹ́ oníbọ́tìnnì, ẹ rí i pé ẹ ti tẹ̀ ẹ́ kẹ́ ẹ tó ta, torí tẹ́ ẹ bá gbàgbé, okùn ò ní tú, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Rílì oníke bí ìgò ò ní bọ́tìnnì, ìdí nìyẹn tó fi dáa fẹ́ni tó ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ ká apá aṣọ yín sókè, ẹ bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́.

Tí ọfà bá há mọ́lẹ̀, ẹ má fi ọwọ́ òfìfo fa okùn, ó lè gé yín, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ má sì gbé ojú yín dojú kọ ibi tí ọfà wà, torí tó bá tú lójijì á ta padà.

Létí omi

Omi tó mọ́ tí ò jìn ju ẹsẹ̀ bàtà 3 lọ ló dáa, kí oòrùn wà lẹ́yìn yín, kẹ́ ẹ sì máa rìn jẹ́ẹ́. Ẹ má ta ọfà sọ́nà jíjìn kó fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́ bẹẹrẹ lórí omi, torí ó lè ta fò lójú omi lọ síbi tẹ́ ẹ ò rò. Tẹ́ ẹ bá wà nínú ọkọ̀, ẹ wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì, kí ẹni kan ṣoṣo máa ta lẹ́ẹ̀kan.

Ẹja tọ́fà bá ti wọ̀ ò ṣeé dá padà sómi, ó máa kú ni. Nítorí náà tẹ́ ẹ ò bá dá a mọ̀, ẹ má ta á. Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń bójú tó ẹja ládùúgbò yín, ibì kan gbà á, ibì kan ò gbà á, ibòmíì sì wà tó jẹ́ àwọn ẹja kan pàtó nìkan ni, irú bíi carp, ó sì lè gba ìwé àṣẹ.

Láti yọ ọfà, ẹ tì í kọjá sódì kejì, kẹ́ ẹ yí ẹnu ẹ̀ díẹ̀ títí ìwọ̀ á fi lè padà, ẹ wá fà á jáde. Ẹ tètè fọ ẹja, ẹ yọ ìfun, ẹ tẹ́ ẹ sórí yìnyín. Tó bá jẹ́ gar, ẹja kan tẹ́nu ẹ̀ gùn, ẹ da ẹyin ẹ̀ nù, májèlé ni, kí ajá àti adìẹ má rí i jẹ. Kẹ́ ẹ tó gbé ọrun pa mọ́, ẹ fa okùn gba àárín ìka yín, tẹ́ ẹ bá kan ibi tó ti họ, ẹ gé e kúrò, ẹ tún un so.