Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ àti kẹ̀kẹ́ wa lọ́jọ́ Sátidé

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìmúra o. Kò sẹ́ni tó bi mí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ká tó gbéra l'Ọ́yọ̀ọ́.

Àríwá ìlà-oòrùn ni afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá. Tí a bá kọrí sí Ògbómọ̀ṣọ́, a ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú kọ ọ́ fún nǹkan bíi 50 kìlómítà. Àbọ̀ ló máa rọrùn. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ máa ń sáré láti Òwódé bí ẹni tí ajá ń lé, ẹ rọra. Ká gbéra láago 6 ààbọ̀, torí bí oòrùn bá ti ń mú ilẹ̀ gbóná ni afẹ́fẹ́ náà ń le sí i.

Ká tò tẹ̀lé ara wa. Ẹni iwájú ló ń fi àyà gba afẹ́fẹ́, kó má ju ìṣẹ́jú 3 lọ kó tó bọ́ sẹ́yìn. Ẹ má jẹ́ kí táyà kan táyà.

Tírélà gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Bó bá ń kọjá, atẹ́gùn rẹ̀ á kọ́kọ́ tì yín sínú koríko, á sì tún fà yín mọ́ra. Ẹ tẹ̀ ba, ẹ jẹ́ kí ìgbọ̀nwọ́ dẹ̀, ẹ má tẹ bíréèkì lójijì. Èmi gan ọwọ́ kẹ̀kẹ́ pa nítòsí Odò Ọbà lọ́jọ́sí, inú koríko ni mo bá ara mi. Mi ò rí fìlà mi mọ́ títí dòní.

Ẹ fi òrí pa ètè, ẹ wọ awò. Ẹni tó bá ní pọ́ǹpù tó dáa, kó jọ̀ọ́ mú un dání. Tèmi ti ń jò.