Bí a ṣe ń tọ́jú panel saw kó má baà máa ṣá pákó létí

Panel saw onítábìlì tó ń yọ̀ ni à ń sọ níbí, irú èyí tí àwọn káfíńtà fi ń gé MDF (pákó tí wọ́n fi eruku igi àti gọ́ọ̀mù tẹ̀) àti pákó tí wọ́n ti lẹ awọ mọ́ lójú. Ayùn méjì ló wà nínú rẹ̀. Ayùn ńlá sábà máa ń jẹ́ 300 mílímítà láti etí kan sí èkejì. Ayùn kékeré tó wà níwájú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ 120, òun ló ń fa ìlà sí abẹ́ pákó kí ayùn ńlá tó dé ibẹ̀. Bí pákó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá létí, ayùn ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń dá lẹ́bi. Wọ́n á ra tuntun, kò ní pẹ́ tí àléébù náà á tún yọjú, nítorí eruku ló sábà máa ń wà nídìí ọ̀rọ̀ náà.

Kí ọwọ́ tó kàn án

Ẹ pa ẹ̀rọ náà, ẹ pa síwíìṣì ńlá ara ògiri, kí ẹ sì fi àgádágodo tì í. Ẹ má ṣe sọ pé kò kúkú síná. Ẹ̀rọ tí wọ́n ti tún wáyà rẹ̀ so lè gbéra fúnra rẹ̀ bí iná bá dé lójijì. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tí ẹ bá ń gbé ayùn jáde, nítorí eyín rẹ̀ ń géni bó tilẹ̀ dúró. Ṣùgbọ́n ẹ bọ́ ọ tí ẹ bá fẹ́ gé pákó, torí ayùn tó ń yí lè fa ìbọ̀wọ́ tọwọ́tọwọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn iṣẹ́

Ẹ da eruku inú àpò nù kó tó kún. Bó bá ti kún, atẹ́gùn tó ń fa eruku kò ní lágbára mọ́, ayùn á wá máa gé eruku tó ti gé tẹ́lẹ̀, á sì gbóná. Ẹ ṣí ìlẹ̀kùn abẹ́ tábìlì: àjákù pákó tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń já síbẹ̀, ó sì lè há mọ́ bẹ́líìtì ayùn kékeré. Búrọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ lò, kì í ṣe kọ̀m̀púrẹ́sọ̀. Eruku MDF kúnná bí àtíkè. Tí ẹ bá fẹ́ ẹ, inú bẹ́ríìnì àti inú ẹ̀dọ̀fóró yín ló ń lọ. Ẹ gbọn ti ara mótò náà, nítorí mótò tí eruku bo kì í tutù.

Ojú irin tí tábìlì ń yọ̀ lórí rẹ̀

Ibí gan-an ni wọ́n ti ń ba ẹ̀rọ jẹ́ níbi tí wọ́n ti rò pé àwọn ń tọ́jú rẹ̀. Tábìlì bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo, ẹnì kan bu gírísì tàbí ọ́ìlì ẹ́ńjìnì, ó fi pa á. Á yọ̀ dáadáa fún ọjọ́ méjì. Lẹ́yìn náà eruku á pò mọ́ ọ́ìlì, á di ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ á gbẹ, á wá le bíi pé wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Gbogbo ìgbà tí táyà kékeré abẹ́ tábìlì bá gun ibẹ̀, pákó á fò díẹ̀, ìlà gígé á sì wọ́. Aṣọ gbígbẹ ni kí ẹ fi nù ún lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ìdọ̀tí bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ fi sípírítì díẹ̀ sí aṣọ náà, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ kí ẹ tó lò ó. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìka méjì péré ti tábìlì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ibi tó bá ti kọ́ ni ìdọ̀tí ṣì wà.

Irin onísúkúrúù tó ń gbé ayùn sókè, àti èyí tó ń tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò fẹ́ gírísì náà. Lóṣooṣù, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àti kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ fi àbẹ́là ra á. Àbẹ́là yìí kan náà dára fún ojú tábìlì onírin tí ìpẹtà bá fẹ́ mú lásìkò òjò. Ẹ sá fún ohunkóhun tó ní silicone: ó máa ń lẹ̀ mọ́ pákó, fáníìṣì kò sì ní dúró lórí rẹ̀.

Ayùn

Tí ayùn bá ń jó pákó, ẹ wo eyín rẹ̀ kí ẹ tó gbé e lọ pọ́n. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ gọ́ọ̀mù pákó ló gbẹ mọ́ ọn. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ ìfọbọ́ fún bí ìṣẹ́jú 20, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, ẹ nù ún gbẹ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ má ṣe fi iná yan án, ẹ má sì lo sódà kọ́sítíìkì. Wọ́n jó eyín líle yẹn mọ́ irin ni. Iná lè tú u, sódà sì ń jẹ eyín náà fúnra rẹ̀.

Kí ẹ tó dá a padà, ẹ nu àwo irin méjèèjì tó ń di ayùn mú. Hóró eruku kan ṣoṣo níbẹ̀ tó láti mú etí ayùn máa gbọ̀n. Nọ́ọ̀tì rẹ̀ sábà máa ń tú sí òdìkejì bí nọ́ọ̀tì yòókù ṣe ń tú, nítorí náà ẹ má fi òòlù lu sípánà. Irin pẹlẹbẹ ẹ̀yìn ayùn gbọ́dọ̀ fi mílímítà 3 sí 8 jìnnà sí eyín. Láìsí i, pákó lè fún ayùn, kí ó sì fò padà lu ẹni tó ń gé e.

Ayùn kékeré kò gbọ́dọ̀ yọ sókè lójú tábìlì ju mílímítà 1 sí 2 lọ. Ẹ gé àlòkù pákó dé ìdajì, ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ dúró kí ayùn méjèèjì dákẹ́, ẹ wá wo abẹ́ rẹ̀. Bó bá ń ṣá lápá òsì, ẹ sún ayùn kékeré sí òsì. Bó bá jẹ́ ọ̀tún, ẹ sún un sí ọ̀tún.

Bẹ́líìtì àti ìdúró ayùn

Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ àárín bẹ́líìtì. Tó bá wọlé ju bíi mílímítà 10 lọ, ó ti dẹ̀; ẹ ó máa gbọ́ òórùn rọ́bà jíjó tí ẹ bá ń gé pákó tó nípọn. Tó bá sì le gbagidi, bẹ́ríìnì ló ń jìyà rẹ̀. Bí bẹ́líìtì méjì bá jọ ń ṣiṣẹ́, tí ọ̀kan sì là, méjèèjì ni kí ẹ pààrọ̀, nítorí tuntun nìkan ni yóò máa ru ẹrù.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ láti ibì kan sí òmíràn, ẹ di igi kan mọ́ tábìlì tó ń yọ̀ kó kan eyín ayùn kan níwájú. Ẹ sàmì sí eyín náà, ẹ yí i dé ẹ̀yìn, ẹ ti igi tẹ̀lé e. Ó yẹ kí ìwé títẹ̀ kan ṣoṣo, bíi 0.1 mílímítà, lè gba àárín wọn kọjá. Bí eyín bá ń họ igi lẹ́yìn, ibẹ̀ ni ó ti ń jó pákó.

Bí oníná bá sì ti fọwọ́ kan wáyà, ẹ yọ ayùn kí ẹ tó tan ẹ̀rọ fún ìṣẹ́jú àáyá kan péré, kí ẹ rí ọ̀nà tó ń yí sí. Mótò tó ń yí sódì lè tú nọ́ọ̀tì. Èyí tó bá ń kùn láì yí, ọ̀kan nínú wáyà iná mẹ́ta ni kò débẹ̀. Ẹ pa á kíákíá, nítorí kò ní pẹ́ jóná.