Ọjọ́ 5 oṣù kẹrin: bí mo ṣe tú ọ̀rọ̀ gúrúùpù àdúgbò wa jáde láti inú WhatsApp

Nígbà tí wọ́n fi mí ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò wa ní Mọ́níyà, n'Ìbàdàn, ìwé àkọsílẹ̀ tí wọ́n fà lé mi lọ́wọ́ kò ju ewé mẹ́rin lọ, òjò sì ti pa méjì nínú rẹ̀. Gbogbo ìyókù, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ti sọ fún mi, wà lórí WhatsApp. Ọ̀rọ̀ owó tiransifọ́ọ̀mù ni ó kàn jù. Ilé kọ̀ọ̀kan ni láti san ₦40,000 kí oṣù kẹrin ọdún 2024 tó parí, ẹni tí ó bá sì pẹ́ yóò fi ìtanràn ₦5,000 lé e. Alága fẹ́ kí n mú orúkọ gbogbo ẹni tí ó san, pẹ̀lú ọjọ́ tí oníkálùkù san, wá sí ìpàdé ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i.

Fóònù tèmi ni mo kọ́kọ́ lò. Mo ṣí gúrúùpù náà, mo tẹ tóótòòtó mẹ́ta tí ó wà lókè lápá ọ̀tún, mo tẹ More, mo sì tẹ Export chat. Fóònù bi mí bóyá kí òun kó àwòrán mọ́ ọn tàbí ọ̀rọ̀ lásán. Mo ní ọ̀rọ̀ lásán, nítorí nínú àlàyé tí WhatsApp fúnra wọn kọ, ọ̀rọ̀ lásán lè tó 40,000 àtẹ̀jíṣẹ́ tí ó kẹ́yìn, ṣùgbọ́n bí àwòrán bá wà níbẹ̀, 10,000 ni. Fáìlì .txt kan jáde, mo fi ránṣẹ́ sí ímeèlì ara mi, mo sì ṣí i lórí kọ̀ǹpútà. Ọjọ́ tí wọ́n fi mí kún gúrúùpù ni ó ti bẹ̀rẹ̀, nínú oṣù keje. Ohun tí kò sí lórí fóònù ẹni kò lè ti ibẹ̀ jáde, owó tí mo ń wá sì ti wọlé kí n tó débẹ̀.

Mo gba ọ̀dọ̀ Ìyá Akápò lọ nínú ṣọ́ọ̀bù èlùbọ́ wọn. Wọ́n nu ọwọ́ wọn, wọ́n gbé fóònù fún mi, wọ́n ní, "Akọ̀wé, má ṣe tẹ ohun tí yóò pa nǹkan rẹ́ o." Mo fi dá wọn lójú pé ẹ̀dà lásán ni mo fẹ́ mú, pé gúrúùpù náà yóò wà bí ó ti wà. Ohun tí èmi pàápàá kò rò tẹ́lẹ̀ ni pé orúkọ tí ẹni tí ó ni fóònù fi pa nọ́ńbà mọ́ ni fáìlì máa ń gbé jáde. Bí mo ṣe délé tí mo ṣí i ni mo rí "Baba Géètì Dúdú", mo rí "Ìyá Aláriwo", mo sì rí ẹnì kan tí wọ́n pè ní "Onígbèsè" láìfi ohunkóhun kún un. Àwọn tí Ìyá Akápò kò pa nọ́ńbà wọn mọ́ jáde ní nọ́ńbà fóònù gbalaja. Mo fi nọ́ńbà ilé rọ́pò gbogbo wọn kí ojú kejì tó kan ìwé náà, mo sì gbé ìyókù mì. Ọ̀rọ̀ tí WhatsApp fi kọ́kọ́rọ́ tì kò ní kọ́kọ́rọ́ kankan mọ́ ní kété tí a bá ti tú u jáde báyìí. Ẹni tí ó bá rí fáìlì yóò kà á.

Ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe gan-an ni bí mo ṣe gbé e wọ inú Excel, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe àtẹ. Ọmọkùnrin kan ní ojúlé kejì sọ fún mi pé kí n kàn yí .txt ìdí orúkọ fáìlì náà sí .csv, ìyẹn irú fáìlì tí kọ́mà ń pín sí àpótí-àpótí, kí n sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, yóò di àtẹ fúnra rẹ̀. Lóòótọ́ ó di àtẹ. Ṣùgbọ́n Bàbá Tísà, tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ tí kì í kọ Yorùbá láìfi àmì sí i, kọ "Ẹ kú iṣẹ́, mo ti sanwó mi o", ohun tí mo sì rí nínú àpótí ni "áº¸ kÃº iá¹£áº¹Ì", tí ìyókù ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ti sá lọ sí àpótí kejì nítorí kọ́mà tí ó wà láàárín. Báìtì mẹ́ta, ìyẹn ẹyọ tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú ọ̀rọ̀, ni lẹ́tà "ẹ" ń gbà nínú UTF-8, ìlànà ìkọ lẹ́tà tí WhatsApp fi kọ fáìlì náà. Excel kò mọ̀, ó ka báìtì kọ̀ọ̀kan sí lẹ́tà kan. Àwọn tí wọ́n kọ "mo ti san owo mi" láìlámì jáde mọ́nránmọ́nrán. Ẹni tí ó kọ ọ́ dáadáa nìkan ni ẹ̀rọ fìyà jẹ.

Lẹ́tà tí ó dàrú hàn sí gbogbo ojú, nítorí náà kò lè tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ọjọ́ ni ó fẹ́ tàn mí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ Bàbá Tísà, àtẹ náà fi ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún hàn, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ó fi ọjọ́ mẹ́rin pẹ́, ìtanràn sì tọ́ sí i. Mo ti kọ ₦5,000 sí iwájú rẹ̀ kí n tó ṣàkíyèsí pé ìlà tí ó ṣáájú jẹ́ ọjọ́ 4 oṣù kẹrin, èyí tí ó tẹ̀ lé e sì jẹ́ ọjọ́ 4 oṣù kẹfà, bẹ́ẹ̀ ìjíròrò kan náà ni wọ́n ń bá lọ. Ìyàwó ilé kan tilẹ̀ ń kí àwọn ènìyàn níbẹ̀ pé wọ́n kú ààwẹ̀, ó kù díẹ̀. Ọjọ́ 10 oṣù kẹrin ni Ìtúnu Ààwẹ̀ bọ́ sí ní 2024. Ta ni yóò máa kíni kú ààwẹ̀ nínú oṣù karùn-ún? Mo ṣí fáìlì náà nínú Notepad, tí í fi ọ̀rọ̀ hàn bí ó ti wà gan-an, mo sì rí i kedere: 05/04/2024. Kọ̀ǹpútà mi, tí ètò rẹ̀ jẹ́ ti Amẹ́ríkà, fi oṣù ṣáájú ọjọ́. Láti ọjọ́ 13 lọ sókè, kò rí oṣù tí ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó fi wọ́n sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ lásán. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọjọ́ kan fi fẹ̀yìn ti apá òsì àpótí tí àwọn mìíràn fẹ̀yìn ti apá ọ̀tún. Mo ti rí àmì yẹn láti àárọ̀, n kò kàn kà á sí ni.

Mo dá orúkọ fáìlì padà sí .txt, mo sì ti inú Excel fúnra rẹ̀ ṣí i, èyí tí ó gbé ojú ewé atọ́nà mẹ́ta jáde. Ní ti àkọ́kọ́, mo yan 65001, tí í ṣe UTF-8, ní ibi tí ó ti ń béèrè ibi tí fáìlì ti wá. Mo sì yan Fixed width, tí í pín òpó níbi tí èèyàn bá fa ìlà sí, dípò kọ́mà, kí ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni má baà já sí méjì. Ní ti èkejì, mo fa ìlà kan ṣoṣo lẹ́yìn ọjọ́. Ní ti ẹ̀kẹta, mo yan DMY fún òpó ọjọ́, ìyẹn ọjọ́, oṣù, ọdún. Ọ̀rọ̀ Bàbá Tísà padà bọ̀ sípò pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, ọjọ́ rẹ̀ sì di ọjọ́ 5 oṣù kẹrin.

Ìyókù kò le, ó kàn gba sùúrù. Àtẹ̀jíṣẹ́ tí ó bá ní ju ìlà kan lọ máa ń já, ìlà kejì rẹ̀ kì í ní ọjọ́, mo sì ń dá a padà sára èyí tí ó wà lókè rẹ̀. Nígbà tí mo wá "sanwó", ti Bàbá Tísà kò jáde, nítorí ọ̀nà méjì ni kọ̀ǹpútà lè gbà tọ́jú lẹ́tà "ó", yálà bí lẹ́tà kan tàbí bí "o" tí àmì gùn lórí. Mo wá "san" lásán, gbogbo wọn sì jáde. Ní ibi tí ẹni tí ó san ti fi àwòrán álẹ́ẹ̀tì báǹkì ránṣẹ́, "Media omitted" ni mo bá, mo sì padà lọ wo mọ́kànlá irú rẹ̀ lórí fóònù Ìyá Akápò, lọ́jọ́ tí ọjà kò fi bẹ́ẹ̀ yá.

Ní ìpàdé, ilé 47 nínú 61 ni ó ti san, mẹ́ta péré ni ìtanràn kàn. Bàbá Tísà gba ìwé náà, ó fi ìka tọ ìlà tirẹ̀, ó ka ọjọ́ rẹ̀ sókè, ó mi orí. Lẹ́yìn náà ó gbé ojú lọ sí àkọlé tí mo fi ìkánjú tẹ̀.

"Akọ̀wé," ó ní, "'owo' tí o kọ sókè yìí, ṣé owó ni, àbí òwò?"