Ẹ Má Dúró De Gbèdéke: Fọ́ọ̀mù Ilé-Ẹ̀kọ́ Òfin ní Amẹ́ríkà, àti Transcript Tó Ṣì Wà Nílé

Láàárín oṣù kan péré, ọmọ Yorùbá mẹ́ta ló ti pè mí lórí ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ òfin ní Amẹ́ríkà níbí. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn fi ṣíde: “Àǹtí, ọjọ́ wo ni wọ́n máa ti fọ́ọ̀mù pa?” Bí mo bá ti gbọ́ ọ, àyà mi á já. Ìbéèrè tí èmi náà gbájú mọ́ ní 2022 nìyẹn, ọdún kan gbáko sì ni mo fi jìyà rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí kí ẹ tó ná kọ́bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ èyí tó rọrùn. Law School tí a mọ̀ ní Nàìjíríà, èyí tí ẹni tó ti gba LL.B. ń lọ ní Bwari tàbí ní Èkó kí wọ́n tó pè é sí báà láti di lọ́yà, kọ́ là ń sọ. Níbí, ẹ ó ti kọ́kọ́ gboyè yunifásítì nínú ohunkóhun tó wù yín, lẹ́yìn náà lẹ ó wá lo ọdún mẹ́ta fún oyè òfin tí wọ́n ń pè ní J.D. Àjọ kan tó ń jẹ́ LSAC ni fọ́ọ̀mù ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ ṣí àkántì lọ́dọ̀ wọn, ẹ san owó CAS, èyí tí í ṣe iṣẹ́ kíkó ìwé yín jọ, ó lé ní 200 dọ́là. LSAT, ìdánwò àbáwọlé ilé-ẹ̀kọ́ òfin, náà lé ní 200 dọ́là. Ẹ tún máa san 45 dọ́là lórí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan tí LSAC bá fi ìwé yín ránṣẹ́ sí, yàtọ̀ sí owó fọ́ọ̀mù ti ilé-ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀. Máàkì LSAT bẹ̀rẹ̀ láti 120, ó sì parí sí 180. Láti oṣù kẹjọ 2024 ni wọ́n ti yọ apá tí wọ́n ń pè ní Logic Games kúrò, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ògbólógbòó ìwé fún yín. Lẹ́tà ìjẹ́rìí méjì láti ọwọ́ olùkọ́ tàbí ọ̀gá ibi iṣẹ́, àròkọ nípa ara yín, àti transcript, ìyẹn ìwé tí yunifásítì kọ gbogbo máàkì yín sí, ó tán. Gbogbo ìyẹn wà lórí ìkànnì LSAC, ẹ lọ kà á.

Ẹni tó bá ti jẹ́ lọ́yà nílé ńkọ́? Ẹ má tíì san owó J.D. kankan. Ìpínlẹ̀ New York máa ń yẹ ìwé-ẹ̀rí àwọn tó kọ́ òfin nílẹ̀ tí òfin Gẹ̀ẹ́sì ti ta gbòǹgbò wò, bíi Nàìjíríà. Àwọn kan ń ti ibẹ̀ lọ jókòó ṣe ìdánwò báà tààrà. Àwọn mìíràn, LL.M., ìyẹn oyè òfin onípò kejì tí wọ́n ń fi ọdún kan kà, ló máa di àlàfo wọn. California náà ń fàyè gba lọ́yà tó ti ilẹ̀ òkèèrè wá. Mo mọ ẹni tó ti lo ọdún méjì nínú J.D. kó tó gbọ́ èyí, ó sunkún.

Ó yá, ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí.

Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ òfin máa ń ṣí fọ́ọ̀mù ní nǹkan bí oṣù kẹsàn-án, fún àwọn tó máa wọlé ní oṣù kẹjọ ọdún tó tẹ̀ lé e. Gbèdéke tiwọn lè bọ́ sí oṣù kejì, ìkẹta tàbí ìkẹrin, àwọn kan tilẹ̀ ń gbà á wọ oṣù kẹfà tàbí ìkeje. Ọmọ ilé wa á rí oṣù kẹrin, á ní àyè ṣì wà dáadáa. JAMB ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀: ẹni tó forúkọ sílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní àti ẹni tó forúkọ sílẹ̀ ní ọjọ́ tó kẹ́yìn, ìdánwò kan náà ni wọ́n ń ṣe, máàkì ló kù. Níbí, bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí fáìlì kọ̀ọ̀kan bá ṣe ń pé ni wọ́n ń kà á. Bí wọ́n bá ṣe ń kà á ni wọ́n ń pín àyè, bí wọ́n bá sì ṣe ń pín àyè ni wọ́n ń pín owó sikọ́láṣíìpù. Bí ọbẹ̀ ìnáwó ló rí. Ẹni tó dé nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ìkòkò kalẹ̀ yóò jẹ ẹran. Ẹni tó dé lẹ́yìn, wọn ò ní lé e, ṣùgbọ́n omi ọbẹ̀ ni wọ́n máa bù fún un.

Arábìnrin kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, 160 ló gbà nínú LSAT, èmi gba 158. Ọdún kan náà la jọ gba fọ́ọ̀mù ilé-ẹ̀kọ́ kan náà. Fáìlì tèmi pé ní òpin oṣù kẹwàá, tirẹ̀ pé ní òpin oṣù kẹta. Wọ́n mú mi ní oṣù kìíní, wọ́n sì gbé ìdajì owó ilé-ìwé kúrò lórí mi. Oṣù kẹfà ni wọ́n tó mú òun, láìsí kọ́bọ̀. Ó fi máàkì méjì jù mí lọ o! Gbogbo owó ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń yá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń bọ̀ lẹ́yìn, owó yíyá náà ti yí padà mọ́ yín lọ́wọ́: láti 1 oṣù keje 2026, wọ́n ti ilẹ̀kùn Grad PLUS, ọ̀kan nínú owó tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ń yá akẹ́kọ̀ọ́, mọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ yá a, ohun tí ìjọba àpapọ̀ á sì yá akẹ́kọ̀ọ́ òfin kò gbọdọ̀ ju 50,000 dọ́là lọ lọ́dún, àpapọ̀ rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju 200,000 lọ. Ilé-ẹ̀kọ́ tí owó rẹ̀ bá ju ìyẹn lọ, ẹ ó wá ìyókù fúnra yín. Ẹni tó wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́ ńkọ́? Òun ò tilẹ̀ lè yá ti ìjọba rárá. Ẹ wá wò ó bóyá ó yẹ kí ẹ fi sikọ́láṣíìpù tafàlà nítorí pé gbèdéke ṣì jìnnà.

Ẹ ṣàkíyèsí pé mi ò sọ pé ìgbà tí fọ́ọ̀mù bá dé ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n ń kà á. Mo ní ìgbà tí fáìlì bá pé. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn, “pé”, ni kò yé mi ní 2022.

Nígbà tí mò ń bọ̀ ní Amẹ́ríkà ní 2019, mo ti gba transcript mi ní yunifásítì tí mo ti jáde. Mo rò pé mo gbọ́n. Wọ́n fi sínú àpòòwé aláwọ̀ ilẹ̀, wọ́n lẹ ẹnu rẹ̀ pa, wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ojú ibi tí wọ́n lẹ̀, wọ́n tún fi sẹ́lótéèpù bo òǹtẹ̀ náà. Mo tẹ́ ẹ sáàárín gèlè méjì nínú àpótí kó má bàa rún. Ọdún mẹ́ta ni mo fi tọ́jú rẹ̀, mi ò ṣí i, mi ò jẹ́ kí omi tò sí i. Ní oṣù kejì 2022, mo fi ránṣẹ́ sí LSAC ní Newtown, Pennsylvania, mo sì tẹ bọ́tìnnì fún ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́fà ní ọ̀sẹ̀ kan náà. Gbèdéke wọn ṣì kù ju oṣù kan lọ. Mo pe ìyá mi, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹta, mo ṣí àkántì mi. Wọn ò gba transcript náà. Ọwọ́ èmi ló ti wá, kò ti ọwọ́ yunifásítì wá tààrà. Òfin wọn ni, ó sì wà ní kíkọ, èmi ni mi ò kà á. Àpòòwé tí mo fi gèlè wé fún ọdún mẹ́ta kò jámọ́ nǹkankan.

Mo ránṣẹ́ sí àbúrò mi pé kó lọ sí yunifásítì. Àwọn olùkọ́ ti wà lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì láti 14 oṣù kejì, ṣùgbọ́n ọ́fíìsì tó ń bójú tó ìwé ṣì ń ṣí ní àwọn ọjọ́ kan. Ó lọ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní kò mú ìwé àṣẹ wá láti ọ̀dọ̀ mi. Kí n tó kọ ọ́ kí n sì fi ránṣẹ́, òpin oṣù kẹta ti dé, àwọn òṣìṣẹ́ tí kì í ṣe olùkọ́ náà sì daṣẹ́ sílẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ tó padà lọ, aago méjì òru ni níbí, mi ò sùn, mò ń dúró de fóònù rẹ̀.

“Àǹtí mi, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Géètì wà ní títì pa. Sẹkúríìtì ní kí n máa lọ sílé.”

“Kò sí ẹnì kankan nínú ọ́fíìsì ni?”

“Kò sẹ́nì kankan, mà. Wọn ò tilẹ̀ mọ ìgbà tí wọ́n máa ṣí i.”

Títí di òpin oṣù kẹjọ ni wọn ò ṣí i. Ní gbogbo àkókò yẹn, bí mo bá wo ojú ìwé ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ohun kan náà ni mò ń rí: fáìlì kò tíì pé. Mo pe ọ̀kan nínú wọn. Obìnrin tó dá mi lóhùn rọra sọ fún mi pé àwọn ò tíì ka ìlà kan nínú ohun tí mo kọ. Wọn ò kọ̀ mí o, wọn ò tilẹ̀ mọ̀ mí. Gbèdéke kọjá, ó kọjá tèmi tàwọn fọ́ọ̀mù mi. Owó fọ́ọ̀mù àti owó LSAC lórí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lé ní 700 dọ́là, iṣẹ́ alẹ́ ni mo fi ṣe é nílé ìtọ́jú arúgbó. Transcript dé Newtown ní oṣù kẹwàá. Àròkọ kan náà, máàkì 158 kan náà, lẹ́tà ìjẹ́rìí kan náà ni mo tún fi ránṣẹ́, ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ lẹ ti kà lókè yẹn.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, kí ẹ tó ra ìwé LSAT, kí ẹ tó kọ ọ̀rọ̀ kan nínú àròkọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí transcript. Yunifásítì ló gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ fúnra rẹ̀. Fọ́ọ̀mù ìbéèrè kan wà nínú àkántì LSAC yín tó ní orúkọ àti nọ́ńbà yín. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, kí ó bá transcript rìn, kí wọ́n lè mọ ẹni tó ni ín. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ímeèlì. Ẹ rán ènìyàn ẹlẹ́sẹ̀ méjì lọ, kí ó mú ìwé àṣẹ àti ẹ̀dà ìwé ìdánimọ̀ yín dání, kí ó ya fọ́tò ìwé ìsanwó, kí ó sì pè yín nígbà tó ṣì wà nínú ọ́fíìsì, kó má jẹ́ ìgbà tó bá délé. Ẹ̀yin obìnrin, orúkọ bàbá yín ló wà lórí transcript, orúkọ ọkọ ló wà lórí àkántì. Ẹ kọ méjèèjì sí ibi tí LSAC ti béèrè orúkọ àtijọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìwé yín lè sọnù sáàárín. Gbogbo ilé-ìwé gíga tí ẹ ti fẹsẹ̀ kàn ni wọ́n ń béèrè. Ẹni tó ṣe OND ní pólì kó tó wọ yunifásítì, pólì náà wà níbẹ̀. Ẹni tó ṣe kọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ní community college nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ìyẹn náà wà níbẹ̀. Lẹ́yìn tó bá dé, wọ́n á tún yẹ̀ ẹ́ wò. Wọn kì í ṣírò GPA fún ìwé tó ti ilé wá, ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, bíi Superior tàbí Above Average. Ìyẹn náà ń gba ọ̀sẹ̀.

Àwọn kan máa sọ fún yín lórí WhatsApp pé àwọn mọ ẹni tó lè “gbé transcript jáde” láìsí wàhálà. Ẹ sá fún wọn! Bí ìwé bá jẹ́ ayédèrú, LSAC yóò wádìí rẹ̀, wọ́n á sì jẹ́ kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ mọ̀. Ta ni yóò gbà yín sí báà lẹ́yìn ìyẹn? Ẹni tó bá sì ní òun á gba àyè fún yín lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́, olè ni.

Early Decision, ìyẹn kí ẹ tètè fi ara yín jìn fún ilé-ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo, ńkọ́? Ó máa ń ní gbèdéke tirẹ̀, oṣù kọkànlá ni ọ̀pọ̀ rẹ̀. Ẹ̀jẹ́ ni: bí wọ́n bá mú yín, ẹ ti jẹ́ tiwọn, ẹ ó yọ fọ́ọ̀mù yín kúrò níbi tó kù. Ẹ ò ní lè mú lẹ́tà owó ilé-ẹ̀kọ́ kan lọ fi han òmíràn mọ́. Bí kò bá ṣe pé owó kì í ṣe ìṣòro yín, ẹ má ṣe é. Ẹ kọ́kọ́ wá ìwé tí wọ́n ń pè ní 509 ti ilé-ẹ̀kọ́ náà, ọdọọdún ni wọ́n ń gbé e jáde, iye àwọn tó ń gba owó níbẹ̀ àti bí owó náà ṣe pọ̀ tó wà nínú rẹ̀. Bí ọlọ́pàá bá sì ti fún yín ní tíkẹ́ẹ̀tì rí, tí fọ́ọ̀mù béèrè, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀. Àwọn tó ń gbani sí báà yóò padà ka fọ́ọ̀mù yẹn.

Bó bá jẹ́ oṣù kejì ni ẹ ń ka èyí, tí transcript ṣì wà nílé, èrò tèmi ni pé kí ẹ dáwọ́ dúró. Ẹ ṣe LSAT ní oṣù kẹfà tàbí ìkẹjọ, kí fáìlì pé kí oṣù kẹwàá tó parí. Ẹ má sì máa fi LSAT dánra wò, ẹ̀ẹ̀marùn-ún péré ni wọ́n gbà láàárín ọdún márùn-ún, ẹ̀ẹ̀méje ní gbogbo ayé ẹni.

Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tó pè mí ní transcript òun ti wà lọ́wọ́ òun, nínú àpòòwé, tòun tòǹtẹ̀. Mo ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ń gbé Ìbàdàn. A ti jọ kọ ìwé àṣẹ náà lórí fóònù lálẹ́ àná, ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni ọmọ náà máa wọkọ̀.