Bí mo ṣe ń ka ìṣèjọba Lyndon Johnson láti orí káàdì kan

Káàdì Medicare, ìyẹn ètò ìlera tí ìjọba Amẹ́ríkà ń ṣe fún àwọn àgbà, ló mú mi wọ ọ̀rọ̀ Lyndon Johnson, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà kan. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Houston, iṣẹ́ alẹ́ ni mo ń ṣe, kò sì sí alẹ́ kan tí káàdì yẹn kì í kọjá lójú mi. Lọ́jọ́ kan, bàbá aláwọ̀ dúdú kan tí mo ń yẹ ìfúnpá rẹ̀ wò sọ fún mi pé nígbà tí òun wà lọ́mọdé, ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń gbé ìyá òun gbà wọ ilé ìwòsàn, wọ́ọ̀dù àwọn dúdú sì wà lọ́tọ̀. Ó ní káàdì yìí ló ṣí ọ̀nà iwájú fún àwọn. Mo rò pé eré ló ń ṣe. Kì í ṣe eré rárá.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kọ́ nípa ìṣèjọba ààrẹ Amẹ́ríkà kan, mi ò ní ní kó bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ẹ mú ohun kan tí ọwọ́ yín ń kàn, kí ẹ tọ ipasẹ̀ rẹ̀ padà sí ọjọ́ tí wọ́n bu ọwọ́ lù ú. Bí kì í bá ṣe Medicare, ẹ mú òfin ìwọ̀lú ti 3 October 1965, tó fòpin sí bí wọ́n ṣe ń fi orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti bí èèyàn díwọ̀n ẹni tó lè wọlé. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tó wà níbí, ẹ̀yìn òfin yẹn la gbà wọlé.

Òfin Medicare di òfin ní 30 July 1965. Kì í ṣe Washington ni Johnson ti bu ọwọ́ lù ú, Independence ní Missouri ni, nítorí Truman, ààrẹ àtijọ́ tó ti du irú ètò ìlera bẹ́ẹ̀ tí kò bọ́ sí i, ibẹ̀ ló ń gbé. Òun ni wọ́n fún ní káàdì àkọ́kọ́. Tí ẹ bá ti rí déètì, ẹ máa bi ara yín pé kí ló dé tó fi jẹ́ ibẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ sí orí ìkànnì ilé ìkàwé Johnson tó wà ní Austin, kí ẹ wá President's Daily Diary, ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ ààrẹ. Ìwé yìí ń sọ ẹni tó wọlé, ẹni tó pè lórí fóònù, àti aago tó jẹ́. Ẹ má ka ọjọ́ kan ṣoṣo o! Ẹ ka ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú àti ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn. Ibẹ̀ ni mo ti ta gìrì: ní 28 July, ọjọ́ méjì péré ṣáájú Medicare, ọkùnrin yìí kan náà ló kéde pé àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ní Vietnam yóò kúrò ní 75,000, wọn yóò di 125,000.

Téèpù ló dùn jù. Johnson máa ń gba ohùn sílẹ̀ lórí tẹlifóònù láìjẹ́ pé ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ mọ̀. Ó fẹ́ kí wọ́n tì wọ́n pa fún 50 ọdún lẹ́yìn ikú òun, ṣùgbọ́n wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí wọn láti ọdún 1993. Miller Center ní Yunifásítì Virginia ti tẹ ọ̀rọ̀ inú ọ̀pọ̀ wọn jáde. Ẹ kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ náà, nítorí ohùn Texas rẹ̀ nípọn bí àmàlà àná, kí ẹ tó wá gbọ́ ọ. Ẹ gbọ́ ti 27 May 1964, níbi tó ti ń sọ fún Bundy, olùdámọ̀ràn rẹ̀ lórí ètò ààbò, pé Vietnam ò tó ohun tí èèyàn ń jà fún, síbẹ̀ òun ò rí ọ̀nà àbájáde. Ẹ gbọ́ ti 9 August 1964 náà, tó ń bá Joe Haggar, ẹni tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ń rán ṣòkòtò, sọ̀rọ̀, pé kí wọ́n jẹ́ kí àpò rẹ̀ jìn sí i, nítorí owó àti ọ̀bẹ òun ń jábọ́. Mo rẹ́rìn-ín títí, mo wá wo déètì. Ọjọ́ méjì ṣáájú ìyẹn ni àwọn aṣòfin ti fún un láṣẹ láti lo ọmọ ogun ní Vietnam, 416 sí òdo nílé kan, 88 sí 2 nílé kejì. Ẹ sì rántí pé ó mọ̀ pé téèpù ń yí, ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ ni kò mọ̀. Ọ̀rọ̀ dídùn rẹ̀ míì, ìtàn ọ̀la ló ń sọ ọ́ fún.

Ní ti ohun tó fi sílẹ̀, ẹ̀yìn ìbuwọ́lù ni kí ẹ máa wá. Òfin ẹ̀tọ́ aráàlú ti 1964 ti sọ pé owó ìjọba àpapọ̀ ò gbọdọ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń ya dúdú sọ́tọ̀. Nígbà tí Medicare yóò bẹ̀rẹ̀ ní 1 July 1966, ilé ìwòsàn tó bá fẹ́ owó náà ní láti da wọ́ọ̀dù pọ̀. Ọ̀rọ̀ bàbá mi rèé.

Mo ní ìwé ńlá kan tí mo fa ilà sí láàárín. Apá òsì ni ohun tí òfin yí padà. Àpẹẹrẹ ni òfin ẹ̀tọ́ ìdìbò ti 1965 ní Mississippi, níbi tí àwọn dúdú tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò ti kúrò ní 6.7 nínú ọgọ́rùn-ún dé 59.8 láàárín 1965 sí 1967. Apá ọ̀tún ni Vietnam lóṣù kan náà. Nígbà tí mo dé March 1968, tó ní òun ò díje mọ́, apá ọ̀tún ti kún, mo ti ń lẹ bébà mọ́ ọn.

Tí ẹ bá máa dé Austin fúnra yín, ẹ kọ̀wé sí àwọn olùtọ́jú ìwé ṣáájú, pẹ́ńsù ni kí ẹ mú lọ, kì í ṣe bírò. Ẹ má ṣe bíi tèmi tó kọ orúkọ àpótí mẹ́fà sílẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ alẹ́. Fódà méjì ni mo kà.

Ẹ sì bi àwọn àgbà léèrè. Mo padà lọ bi bàbá yẹn pé ọdún wo ni wọ́n kọ́kọ́ gba iwájú wọlé. Ó ní òun ò mọ ọdún, àmọ́ ìyá òun wọ bàtà tuntun lọ́jọ́ náà. Mo kọ bàtà náà sí apá òsì.