Bí A Ṣe Ń Wọn Ipa Ìtọ́kasí Jọ́nà Láàrin Ẹ̀ka Ìmọ̀ àti Orílẹ̀-Èdè

Ìṣirò ipa ìtọ́kasí jọ́nà (impact factor), tí àwọn onímọ̀ Eugene Garfield àti Irving Sher gbé kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà láàrin àwọn ọdún 1960, kò le. Ìtọ́kasí ni kí àpilẹ̀kọ kan dárúkọ òmíràn gẹ́gẹ́ bí orísun. Ẹ ka iye ìgbà tí wọ́n tọ́ka lọ́dún kan sí àpilẹ̀kọ tí jọ́nà náà tẹ̀ jáde ní ọdún méjì tó ṣáájú, kí ẹ pín in sí iye àpilẹ̀kọ náà. Bí àpilẹ̀kọ 40 bá gba ìtọ́kasí 60, èsì rẹ̀ jẹ́ 1.5. LibreOffice, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ tó ń ṣe ìṣirò nínú tábìlì, tó fún un. Kò di dandan kí ẹ ra Excel.

Ibi ìfiwéra ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́. Mo ti rí àwọn ọ̀mọ̀wé tó gbé 1.5 ti jọ́nà ìmọ̀ ìṣirò (mathematics) sẹ́gbẹ̀ẹ́ 4 ti jọ́nà ìṣègùn, tí wọ́n sì dájọ́ pé ti ìṣirò kò dára, bẹ́ẹ̀ àwọn onímọ̀ ìṣirò kì í tọ́ka sí iṣẹ́ púpọ̀, ìtọ́kasí wọn a sì máa pẹ́ kó tó dé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ mú àpilẹ̀kọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ pín ìtọ́kasí rẹ̀ sí ìpíndọ́gba ìtọ́kasí tí àpilẹ̀kọ ẹ̀ka kan náà, ọdún kan náà àti irú kan náà ń gbà káàkiri àgbáyé, lẹ́yìn náà kí ẹ wá ìpíndọ́gba gbogbo èsì. Bí ó bá jẹ́ 1, jọ́nà náà bá àgbáyé dọ́gba. Ẹ má fojú fo irú àpilẹ̀kọ, nítorí èyí tó ń ṣàgbéyẹ̀wò iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn sábà máa ń gba ìtọ́kasí ju èyí tó gbé ìwádìí tuntun jáde. Jọ́nà bíi Ife Journal of Science, tí wọ́n ń tẹ̀ jáde ní Yunifásítì Obafemi Awolowo, Ilé-Ifẹ̀, ń gba iṣẹ́ láti oríṣiríṣi ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì. Àkóónú àpilẹ̀kọ ni kí ẹ fi pín in sí ẹ̀ka, kì í ṣe orúkọ jọ́nà. Ọ̀nà àbùjá wà: OpenAlex, àkójọ àpilẹ̀kọ àti ìtọ́kasí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó bẹ̀rẹ̀ ní 2022, tó sì jẹ́ ọ̀fẹ́, ti ṣe irú ìṣirò yìí fún ọ̀pọ̀ àpilẹ̀kọ. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ló ń pín ẹ̀ka níbẹ̀, nítorí náà ẹ fi ojú ara yín yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní ti orílẹ̀-èdè, ibi tí òǹkọ̀wé ti ń ṣiṣẹ́ ni kí ẹ wò. Bí àpilẹ̀kọ tó tọ́ka sí jọ́nà náà bá ní òǹkọ̀wé kọ̀ọ̀kan láti Nàìjíríà, Gánà àti Jámánì, ìdá kan nínú mẹ́ta ìtọ́kasí náà ni ti orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan. Web of Science àti Scopus, àwọn àkójọ ìtọ́kasí ńlá méjì, kò gba ọ̀pọ̀ jọ́nà Áfíríkà wọlé, nítorí náà ìtọ́kasí tí olùkọ́ kan ní Iléṣà ṣe nínú jọ́nà abẹ́lé lè má hàn níbẹ̀ rárá. Google Scholar, ẹ̀rọ ìwádìí Google fún iṣẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé, gbòòrò jù wọ́n lọ, àmọ́ ó máa ń ka iṣẹ́ kan náà lẹ́ẹ̀mejì nígbà mìíràn. Ẹ yọ ẹ̀dà kúrò.

Ẹ ya ìtọ́kasí tí jọ́nà ṣe sí ara rẹ̀ sọ́tọ̀, kí ẹ sì kọ iye àárín (median), ìyẹn iye tó bọ́ sí àárín bí ẹ bá tò wọ́n láti kékeré dé ńlá, sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpíndọ́gba, nítorí àpilẹ̀kọ kan ṣoṣo tó gbajúmọ̀ lè gbé iye gbogbo jọ́nà sókè.