Ìtàkùn Òdòdó Aró Tó Kọ̀ Tí Kò Hù, Tó Sì Kọ̀ Tí Kò Tanná: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ìtàkùn tí àwọn tó ń ta ewéko ń pè ní butterfly pea, èyí tí orúkọ rẹ̀ nínú ìmọ̀ ewéko jẹ́ Clitoria ternatea, ti wọ ọgbà ilé púpọ̀ báyìí nítorí òdòdó rẹ̀ tó pa bí aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú ìkòkò aró jáde. Láti inú kóró ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń gbìn ín, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà sì ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìbéèrè tí ó sábà máa ń jáde nípa rẹ̀ ni mo dáhùn sí ìsàlẹ̀ yìí.

Ìbéèrè: Kóró mẹ́wàá ni mo gbìn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá, ẹyọ kan ṣoṣo ló hù. Ṣé irúgbìn tí wọ́n tà fún mi ti kú ni?

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe kí ó má tíì kú rárá. Ẹbí ẹ̀wà ni ìtàkùn yìí, ṣùgbọ́n èèpo kóró rẹ̀ le ju ti ẹ̀wà tí à ń sè jẹ lọ, omi kì í sì í tètè ráyè wọ inú rẹ̀. Èyí wúlò fún un nínú igbó, nítorí pé bí gbogbo kóró bá hù pọ̀ lẹ́yìn òjò kan, ọ̀dá kan lè pa gbogbo wọn run. Nítorí náà ni wọ́n fi ń hù lẹ́yọ lẹ́yọ, tí òmíràn sì lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù kí ó tó yọjú. Àwa tí à ń gbìn ín sílé kò lè dúró tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà àwa ni a ó ṣí ọ̀nà fún omi. Ẹ mú pépà tí àwọn káfíńtà fi ń dán pákó, kí ẹ fi ra ẹ̀gbẹ́ kan kóró náà títí tí èèpo dúdú yóò fi ṣí, tí ẹ ó sì rí inú rẹ̀ tó mọ́lẹ̀ díẹ̀. Ohun tí a fi ń gé èékánná náà lè ṣe é bí ọwọ́ yín bá rọ̀. Ẹ má ṣe fọwọ́ kan ibi tí ojú kóró wà, nítorí itòsí ibẹ̀ ni gbòǹgbò ti ń jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ di ọjọ́ kejì. Èyí tí ó bá wú ti ṣetán fún gbígbìn. Èyí tí kò bá wú, ẹ tún un ra, kí ẹ sì tún un rẹ. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń da omi híhó lé e lórí, ṣùgbọ́n n kò lè gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kí ó fi irúgbìn tí kò pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ dán an wò.

Ẹ má ṣe rì í jìn. Ìwọ̀n oríkèé ìka kan ti tó. Nínú ilẹ̀ tó lọ́wọ́ọ́wọ́, kóró tí a fi pépà ra tí a sì rẹ báyìí yẹ kí ó hù láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì.

Ìbéèrè: Tèmi hù dáadáa, àmọ́ ìdí ọ̀gbìn náà dúdú, ó rọ̀, ó sì ṣubú.

Ìdáhùn: Olú inú ilẹ̀ ló ń ṣe é, omi àpọ̀jù ló sì ń pè é wá. Ẹ po yanrìn mọ́ ilẹ̀ tí ẹ fẹ́ lò, kí ẹ rí i pé ìsàlẹ̀ ike tàbí ọ̀rá tí ẹ gbìn ín sí ní ihò, kí ẹ sì jẹ́ kí ojú ilẹ̀ gbẹ díẹ̀ kí ẹ tó tún bomi rin ín. Ìtàkùn yìí kò fẹ́ kí a yọ gbòǹgbò rẹ̀ lẹ́nu, nítorí náà bí ẹ bá fẹ́ lọ́ ọ sí ojú ilẹ̀, ẹ ya ọ̀rá náà, kí ẹ gbé e wọlẹ̀ tòun ti yèèpẹ̀ ìdí rẹ̀.

Ìbéèrè: Ìtàkùn mi ti bo ọgbà, ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni mo sì ń bu ìgbẹ́ adìyẹ sí i. Oṣù kẹrin rèé, kò tanná.

Ìdáhùn: Ìgbẹ́ adìyẹ yẹn gan-an ni mo fura sí jù. Bí ẹ bá rọra fa ìtàkùn kan tu, ẹ ó rí kókó wínníwínní lára gbòǹgbò rẹ̀, irú èyí tó wà lára gbòǹgbò ẹ̀pà. Bakitéríà ló ń gbé inú wọn, àwọn ló sì ń gba náítírójìn inú afẹ́fẹ́ fún ìtàkùn náà. Náítírójìn ló ń mú ewé pọ̀. Bí a bá wá da ìgbẹ́ adìyẹ tàbí yúríà lé èyí tó ti ní tẹ́lẹ̀, ewé nìkan ni yóò máa yọ, kò ní rudi. Ẹ dá a dúró pátápátá. Bí ilẹ̀ yín bá ṣá tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè ṣe kí ẹ má fi nǹkan kan sí i, ẹ wá ajílẹ̀ tí nọ́ńbà àkọ́kọ́ lára àpò rẹ̀ kéré sí méjì tó tẹ̀lé e, nítorí pé nọ́ńbà àkọ́kọ́ ló dúró fún náítírójìn. NPK 15-15-15 tó kún ọjà kò bá ohun tí à ń wá níbí mu.

Ẹ tún wo oòrùn. Ìtàkùn yìí ń fẹ́ oòrùn tààrà fún wákàtí mẹ́fà lójúmọ́, ó kéré tán, èyí tó bá sì wà lábẹ́ òjìji igi máńgòrò lè pẹ́ láyé kí ó má tanná. Bí oòrùn bá tó, ẹ gé orí àwọn ẹ̀ka tó ti gùn jù, nítorí pé ara ẹ̀ka tuntun ni òdòdó ti ń jáde. Nígbà tí ó bá bẹ̀rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ó bà yín lẹ́rù pé òdòdó kọ̀ọ̀kan ń rọ láàárín ọjọ́ kan. Bí ó ti rí nìyẹn. Ẹ ṣáà máa já àwọn èso tútù kúrò, kí agbára rẹ̀ lè padà sọ́dọ̀ òdòdó.

Ìbéèrè: Kò gun ògiri tí mo gbìn ín sí, ilẹ̀ ló ń rá lé.

Ìdáhùn: Kò ní ohun tí yóò fi di ògiri mú. Ṣe ló ń lọ́ mọ́ nǹkan, ohun tí ó sì tín-ín-rín ló lè lọ́ mọ́: okùn, wáyà, tàbí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́.

Ìbéèrè: London ni mo wà. Mo gbìn ín síta nínú oṣù kẹrin, kò hù.

Ìdáhùn: Ilẹ̀ ti tutù jù fún un. Ó ń fẹ́ ilẹ̀ tí ooru rẹ̀ tó 20°C, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ gbìn ín sínú ilé nínú oṣù kẹta, lójú fèrèsé tí oòrùn ń wọ̀, kí ẹ má sì gbé e síta kí òtútù òru tó kásẹ̀ nílẹ̀. Bí ẹ bá ní ilé onígíláàsì, inú rẹ̀ ni kí ẹ fi í sí.

Ìbéèrè: Mo rí kóró ìwéréǹjéjé, pupa pẹ̀lú ojú dúdú, lára ìtàkùn kan nínú igbó. Ṣé mo lè fi pépà ra èèpo òun náà bẹ́ẹ̀ kí n tó gbìn ín?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Májèlé tó ń pani ló wà nínú kóró náà, èèpo líle yẹn ló sì ń sé e mọ́. Ẹni tó bá fi pépà ra á ti ṣí ilẹ̀kùn fún májèlé. N kì í fẹ́ rí i nínú ọgbà tí ọmọdé ń ṣeré rárá.

Ìbéèrè: Ṣé òótọ́ ni pé a lè mu omi òdòdó aró yìí?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni, ní Thailand àti Malaysia, wọ́n ti ń fi pa oúnjẹ àti ohun mímu láró tipẹ́, àjọ FDA tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i fún pípa oúnjẹ láró ní ọdún 2021. Bí ẹ bá fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí omi náà, yóò yí padà sí àwọ̀ àlùkò. Òdòdó nìkan ni mo ń sọ o: kóró àti gbòǹgbò rẹ̀ máa ń mú kí ènìyàn yàgbẹ́ gbuuru.

Ìbéèrè: Ìgbà wo ni mo lè ká kóró tí n ó gbìn lọ́dún tó ń bọ̀?

Ìdáhùn: Nígbà tí èso bá gbẹ, tí ó di àwọ̀ ilẹ̀, tí kóró sì ń dún nínú rẹ̀ bí ẹ bá mì í. Ẹ má jẹ́ kí ó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, nítorí pé yóò bẹ́ fúnra rẹ̀, yóò sì fọ́n kóró ká. Ẹ sá wọn sí ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí fún ọjọ́ díẹ̀, kí ẹ dé wọn mọ́nú ìgò gbígbẹ, kí ẹ sì kọ ọdún tí ẹ ká wọn sí ara ìgò náà.